Kí A Tó Pe Èrò Sí Ìsọ̀ Wa

Mo mọ̀ pé bí ìyá bá ti ka ojú ìwé yìí tán, bàbá ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan àpò tọkọtaya.

Ohun tí mo mú wá lónìí ni ọ̀rọ̀ òde tí àwọn oníṣòwò ń ṣe nítorí ọjà wọn. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ní ayé ìsinsìnyí, kì í ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti wòlímà nìkan ni à ń pe èrò sí mọ́. Ẹni tí ó ṣí ìsọ̀ tuntun a pe èrò. Aránṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe fírídọ̀mù a pe èrò. Ẹni tí ó ti ń ta aṣọ láti ọdún mẹ́wàá a ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òun, òun náà a pe èrò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni a mọ̀ mọ́ irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ìyá tí ó ń ta híjáàbù ní ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí náà ti ń ṣe é.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Bí òde bá lọ bí ó ti yẹ, ó lè sọ ẹni tí a kò mọ̀ di ẹni tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ń rí kò kéré. Obìnrin a fi ọdún mẹ́ta kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ, a sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo ná an tán sórí àtíbàbà, ìrẹsì àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Èrò a kún, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a ṣe àdúrà, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì lọ sílé wọn. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ìsọ̀ a dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹrù tí ó yẹ kí a fi owó yẹn rà kò sí nílẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ a sì wọlé dé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yá owó èlé ṣe é. A mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa owó èlé, a sì mọ bí gbèsè ti í mú kí obìnrin máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí á mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní: òde tí a bá ṣe nítorí ọjà, ọjà ni òun náà. Bí a ti ń ṣírò ojú owó àti èrè lórí gbogbo ọjà yòókù, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí á ṣírò wọn lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú wa

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá ní ọjà ńlá mẹ́ta tí wọn máa ń ná lọ́dọọdún ní agbègbè Mẹ́kà. Orúkọ wọn ni Ukaz, Majanna àti Dhul-Majaz. Ukaz, tí ó wà ní apá ìlú Taif, ni ó lókìkí jù. Inú àwọn oṣù ọ̀wọ̀ ni wọn ń ná an, nígbà tí ogun jíjà jẹ́ èèwọ̀, tí oníṣòwò lè gbé ẹrù rìn láìbẹ̀rù, tí àwọn èèyàn sì ń bọ̀ wá ṣe Hájì. Akéwì a ké ewì níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà tí ó ń bá ara wọn jà a parí ìjà níbẹ̀, ọjà a sì tà.

Nígbà tí Ìsìláàmù dé, ọkàn àwọn Mùsùlùmí kò balẹ̀ mọ́ láti ṣòwò ní àsìkò Hájì. Wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ibn Abbas sọ ọ́, Bukhari sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé lórí ọ̀ràn yìí ni ẹsẹ 198 nínú Súrátù Bàkárà fi sọ̀ kalẹ̀, tí ó fi ọkàn wọn balẹ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí wọ́n wá oore Ọlọ́hun ní àsìkò náà. Ẹ sì rántí pé oníṣòwò pàtàkì ni Nana Khadijah. Ẹrù rẹ̀ ni Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá a gbé lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Nígbà tí Abdur-Rahman bin Awf sá dé Mọ̀dínà lọ́wọ́ òfo, ará ìlú náà kan fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì kí ó fún un ní ìdá kan. Ó ṣe àdúrà fún un, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Nítorí náà, kí obìnrin Mùsùlùmí pe èèyàn wá wo ọjà rẹ̀ kò lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú Ukaz kún. Gbogbo ayé mọ ìgbà rẹ̀. Gbogbo ayé mọ ibi rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ dára. Àwọn èrò sì ti ń bọ̀ ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀ nítorí Hájì, ọjà kàn pàdé wọn lọ́nà ni.

Àwọn baba ńlá wa náà mọ ọgbọ́n yìí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ní ọjà ọrọọrún, tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀, tí ọmọ kékeré pàápàá lè kà á lórí ìka. Àwọn ìlú tí ó múlé ti ara wọn kì í sì í sábà ná ọjà ní ọjọ́ kan náà, kí èrò ọ̀kan má baà pa ti èkejì lára. Ètò ni ìyẹn. Kò sí ẹni tí ó se ìrẹsì fún èrò kí wọ́n tó wá.

Bí ayé ti ń yí padà

Nílẹ̀ Jámánì, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Leipzig, tí ọjà rẹ̀ ti lókìkí láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé. Láyé àtijọ́, bí oníṣòwò bá ń lọ síbẹ̀, gbogbo ẹrù rẹ̀ ni yóò kó lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń ṣe ọjà púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, wọ́n rí i pé kò sí ìdí fún ẹrù rírù mọ́. Ní ọdún 1895, wọ́n sọ ọjà náà di ibi tí oníṣòwò ń mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ a wò ó, a dúnàádúrà, a sọ iye tí òun ń fẹ́, ẹrù a sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn kedere pé ohun tí à ń wá lọ sí ìpàtẹ ọjà ni àdéhùn tí yóò máa mú owó wá nígbà tí ìpàtẹ bá ti tú.

Ìpàtẹ tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń kó ọjà wá láti ilẹ̀ Ṣáínà mọ̀ ni ti ìlú Guangzhou, tí wọn ń pè ní Canton Fair. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn sì ń ṣe é lọ́dún, ọ̀kan ní oṣù kẹrin, ọ̀kan ní oṣù kẹwàá. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ àti ohun iná mànàmáná ní ìgbà tiwọn. Àwọn tí ń ta ohun èlò ilé ní tiwọn. Àwọn aláṣọ àti àwọn tí ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ní ìpele kẹta. Ẹni tí ó bá wá ra aṣọ ní ìpele àkọ́kọ́, ojú lásán ni yóò fi wo ẹ̀rọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé ìpàtẹ náà lọ ní oṣù kẹfà. Ní ọdún 2023 tí èrò tún ń wá ní pẹrẹu, wọn kò pa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ́. Méjèèjì ni wọ́n mú pọ̀.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ọdún 1977 ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó kọ́kọ́ wáyé, ní ọgbà ńlá tí ìjọba kọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó, tí ó ti wà láti ọdún 1888, ni ó ń ṣètò rẹ̀ ní ìgbà tiwa, nínú oṣù kọkànlá, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Gbàgede Tafawa Balewa ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọgbà ti ọ̀nà Àgbádárìgì ti di ọjà tí wọn ń ná lójoojúmọ́.

Nínú gbogbo èyí, ohun mẹ́ta ni mo rí tí ó yẹ kí obìnrin oníṣòwò kékeré mú lò. Èkíní, ìwọ̀nba èèyàn tí ọjà rẹ bá lára mu dára ju agbo èrò tí ó wá jẹun lọ. Èkejì, fóònù ti di ìsọ̀ kejì, a sì ń lò ó ṣáájú òde àti lẹ́yìn òde. Ẹ̀kẹta, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ohun tí apá ẹnì kan kò ká, èèyàn mẹ́rin a ṣe é.

Kí á ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye tí n ó lò yìí, mo fi ń ṣe àlàyé lásán ni. Owó ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ti oṣù yìí sì yàtọ̀ sí ti oṣù tí ń bọ̀, nítorí náà kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ rọ́pò.

Kí á ní obìnrin kan ń ta híjáàbù, ó sì ń jèrè ₦500 lórí ẹyọ kan. Ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun. Àtíbàbà àti àga gba ₦40,000. Oúnjẹ àti ohun mímu gba ₦90,000. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè gba ₦25,000. Ìwé ìléwọ́ àti ayafọ́tò gba ₦25,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Bí a bá fi ₦500 pín in, híjáàbù 360 ni yóò tà kí owó òde tó padà wọlé, kí ó tó di pé ó jèrè kọ́bọ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ pé méjìlá ni ó ń tà lóòjọ́, èrè ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni ó ti ná ní ọjọ́ kan. Bí ọgọ́rin èèyàn bá sì wá sí òde náà, tí olúkúlùkù wọn ra mẹ́rin, 320 péré ni ìyẹn, kò tíì pé. Ta ni ó sì ń ra híjáàbù mẹ́rin ní ọjọ́ kan?

Ẹ wo obìnrin kejì. Òun kò yá àtíbàbà rárá. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ọjà ní ìsọ̀ òun tuntun yóò gba èènì. Ó ra àwọn abẹ́rẹ́ ìdè híjáàbù tí ó dára, ọgọ́ta, ní ₦250 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦15,000. Ó ná ₦20,000 lórí omi, sóbò àti ṣínṣín fún àwọn tí ó bá yà, ó sì ná ₦10,000 lórí ìwé ìléwọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦45,000. Híjáàbù 90 ni yóò dá owó yìí padà, ìyẹn ọgbọ̀n lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ọwọ́ lè tó ni. Bí kò bá tilẹ̀ tà tó bẹ́ẹ̀, èènì tí ó kù kò bàjẹ́, yóò lò ó nígbà mìíràn. Ìrẹsì tí ó kù lóde ti obìnrin àkọ́kọ́, ta ni yóò kó o padà sínú àpò?

Èènì ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹni tí ó bá ra ọjà ni à ń fún. Òde tí a bá fi ọgbọ́n èènì ṣe kì í sábà pa ojú owó jẹ.

Ọjọ́ tí a ó mú

Àwa Mùsùlùmí ní láti ṣọ́ra níbi ọjọ́ mímú. Ọdún tiwa fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá kéré sí ọdún àwọn òyìnbó, nítorí náà oṣù ààwẹ̀ àti Iléyá ń sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ Iléyá èṣí ṣe ìwọ̀n, ẹ̀yìn ọdún ni ọjà rẹ̀ yóò dé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta aṣọ Iléyá kò gbọdọ̀ dúró dé ọ̀sẹ̀ Iléyá. Àwọn aránṣọ kò ní gba aṣọ mọ́ nígbà náà, owó tí ó kù lọ́wọ́ bàbá ilé, ti àgbò ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú ni kí ó ti pàtẹ.

Òpin oṣù, nígbà tí àwọn tí ń gba owó oṣù ti gbà á, sàn ju àárín oṣù lọ. Ẹni tí ń ta aṣọ ilé ìwé àti báàgì mọ̀ pé kí ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí á jẹ́ kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìrun, kí á má sì mú àkókò tí ìrun yóò fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí á wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Ẹni tí ó pàtẹ aṣọ sí gbangba ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, kí ó wá ibi tí yóò sáré kó o sí bí òjò bá ṣú.

Ta ni a ó pè?

Ìwé kékeré kan ṣe pàtàkì ju àtíbàbà lọ. Kí á ra ìwé, kí á kọ orúkọ gbogbo oníbàárà wa sí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tí ó rà, ìgbà tí ó rà á, àti ohun tí ó béèrè tí kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ 282 nínú Súrátù Bàkárà, tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, lórí gbèsè àti kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó dá lé. Bí Ọlọ́hun bá ka àkọsílẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí oníṣòwò Mùsùlùmí máa fi orí pa gbogbo ìṣirò rẹ̀ mọ́.

Láti inú ìwé yìí ni a ó ti mọ ẹni tí a ó pè. Kí á kọ́kọ́ pe àwọn tí ó ti ra ọjà wa rí. Kí á wá pe àwọn tí iṣẹ́ wọn bá ọjà wa mu: ìyá tí ó ní ilé kéú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ aṣọ kan náà, ìyá ẹgbẹ́ àsálátù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ra àǹkóò, olùkọ́ tí àwọn òbí ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú irú àwọn wọ̀nyí lè ra iye tí ogójì èèyàn kò ní rà. Kí á lọ kí wọn nílé, kí á má ṣe fi ìwé ìpè lásán ránṣẹ́.

Bí a bá ń lo WhatsApp, kí á sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí á tún sọ ọ́ nígbà tí ó bá ku ọjọ́ méjì, kí á sì sọ ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí á kọ ibi tí ìsọ̀ wà, kí á kọ iye tí ọjà jẹ́. Ẹni tí kò mọ iye ọjà a máa bẹ̀rù láti wá. Kí á má sì gbé fọ́tò obìnrin kankan síta láìjẹ́ pé a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí ayé máa wo àwòrán wa kiri, ẹni tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní padà wá mọ́.

Ní ọjọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹni tí ó ni ọjà kò lè máa gba owó, kí ó máa bu ṣínṣín, kí ó sì tún máa kí àlejò. Kí á wá ẹni mẹ́ta tí a fọkàn tán. Ẹnì kan a máa gba owó, ẹnì kan a máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà, ẹni kẹta a máa bójú tó omi, ìpápánu àti àwọn ọmọdé. Kí ṣẹ́ǹjì wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá san owó nípa tíránsífà, kí á rí i pé owó wọlé sí àkáǹtì kí ẹrù tó kúrò. Kí á má ṣe gba àwòrán tí ẹnì kan fi han wa lórí fóònù tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó. Kí á tẹ́ ẹní sí igun kan fún ìrun, kí omi àlùwàlá sì wà. Ìyá tí ó bá rí ibi kí Àílà láìdààmú yóò jókòó pẹ́ níbẹ̀, yóò sì sọ fún ẹlòmíràn.

Kí á má tà á ní àwìn ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni àwìn í sọnù sínú ariwo. Kí á fi ọgbọ́n àti ẹ̀rín sọ pé ọjọ́ òní kò gba àwìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí á tẹ gbogbo àwọn tí ó wá láago, tàbí kí á fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tí ó ti sanwó ọjà tí kò tíì gbà, kí ó gbà á ní ọjọ́ tí a dá fún un gan-an. Nígbà náà kí á jókòó, kí á kọ iye tí ó jáde sí apá ọ̀tún, kí á kọ iye tí ó wọlé sí apá òsì, kí á sì fi èsì rẹ̀ sínú ìwé fún ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, bí ó bá ṣòde mẹ́wàá, kò lè sọ èyí tí ó pa á lára àti èyí tí ó ràn án lọ́wọ́.

Bí a bá fẹ́ lọ sí ìpàtẹ ọjà

Owó àyè ní ìpàtẹ ńlá lè wọ obìnrin kan lọ́rùn. Kí mẹ́rin darapọ̀, kí wọ́n gba àyè kan, kí ọjà wọn má sì fi ara jọ ara wọn: kí ọ̀kan ta àdìrẹ, kí ọ̀kan ta híjáàbù, kí ọ̀kan ta bàtà, kí ọ̀kan ta òórùn dídùn. Oníbàárà ọ̀kan a di ti gbogbo wọn. Kí wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ kí owó tó jáde, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá.

Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n béèrè: báwo ni àyè náà ti tóbi tó? Ọjọ́ mélòó ni? Ṣé owó iná wà nínú rẹ̀? Ta ni ó ń ṣọ́ ẹrù lóru? Rìsíìtì ta ni a ó gbà? Kí wọ́n má kó gbogbo ẹrù ilé lọ. Kí wọ́n ṣe bí àwọn ará Leipzig, kí wọ́n mú ẹyọ tí ó dára jù nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ìwé tí a ń kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sí wà ní ṣíṣí.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin

Ètò òde ṣíṣe ti di iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nílùú wa. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń fi í jẹun: wọ́n mọ ibi tí àga wà, wọ́n mọ alásè tí kò ní já ni kulẹ̀, wọ́n mọ bí a ti ń tò ó kí ohun gbogbo bọ́ sí àkókò. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìlérí tí a mú ṣẹ ni ọjà tí wọn ń tà. Owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún àga àti oúnjẹ, owó ẹlòmíràn ni, kì í ṣe èrè tiwọn. Kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, ẹ san díẹ̀ ṣáájú, ẹ san èyí tó kù nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin bàbá ilé, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ìyàwó yín bá sọ pé òun kò fẹ́ yá àtíbàbà, òun kò fẹ́ pe onílù, ẹ má sọ pé yóò tẹ́ yín lójú àwọn ará àdúgbò. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ojú owó rẹ̀ tí kò bá rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò bá yín san owó ilé ìwé nígbà tí ọwọ́ yín bá há.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká òde ńlá, tí ìṣirò rẹ̀ sì fi hàn pé yóò mú èrè wá, kí ó ṣe é pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ, omi tútù, èènì àti ọ̀yàyà. Kí ó sì ra ìwé náà lọ́la òde yìí, kó tó ra ohunkóhun mìíràn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí ọjà wa, kí Ó má jẹ́ kí á pàdánù ojú owó wa, kí Ó sì jẹ́ kí á fi hàláálì tọ́ ọmọ wa dàgbà. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.